Mo Fi Orúkọ Ìyáálé Mi Sọ Kòkòrò Tí Ń Jẹ Ilá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná. Bí mo bá rò ó tán, ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi. Mo ti gbọ́ èébú rí, kò pa mí.

Ohun tó wà níkùn mi yìí ti pẹ́. Láti ìgbà tí ọba òyìnbó ọkùnrin ṣì wà lórí oyè ni mo ti ń gbé e kiri. Ọkọ mi kò mọ̀ ọ́n. Àlùfáà ìjọ wa kò mọ̀ ọ́n. N kò sì ní í la ẹnu mi sọ ọ́ bí kì í bá ṣe pé ọmọ mi ń lọ sílé ọkọ lẹ́yìn ìkórè kòkó, tí ẹni tí mo ṣẹ̀ sì ń padà bọ̀ wá sí agboolé wa ní Ìlódè nítorí ìgbéyàwó náà. Èmi ni mo máa kí i káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi wà.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni mí. Mo ka ìwé mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kí bàbá mi tó fi mí fún ọkọ mi ní Ifẹ̀. Mo bá ìyàwó kan nílé. Òun ni ìyáálé mi, ọmọ Ìpetumodù. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, kò bímọ.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ìyàwó kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹni tó bá ṣáájú rẹ̀ dé ilé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ó ní láti wá orúkọ dídùn kan tí yóò máa fi pè é. Ẹni tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ á di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹni tí eyín rẹ̀ bá funfun á di Eyínfúnjowó. Ìyáálé mi dúdú, ara rẹ̀ sì ń dán bí ẹni tó fi àdín para. Mo sọ ọ́ ní Adúmáadán. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ilé náà ni mo ti kúnlẹ̀ tí mo ní, "Adúmáadán, ẹ kú àárọ̀ o."

Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Ilá ló ń tà lọ́jà, tútù àti gbígbẹ. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo ọjà fi gba orúkọ yẹn lẹ́nu mi. Wọn kò pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Àwọn oníbàárà a máa kọjá lára àtẹ ẹlòmíràn, wọn á ní ilá Adúmáadán làwọn ń bọ̀ wá rà. Orúkọ tí mo fún un ló fi là lọ́jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń dá ẹjọ́ mi.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, obìnrin, ìyáálé mi ló gbà á lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Òun ló sọ ọ́ ní Morẹ́nikẹ́. Bí mo ṣe já ọmọ lẹ́nu ọmú báyìí, wọ́n gbé e lọ sí yàrá ìyáálé mi. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé àwọn nìyẹn, pé ti ìyáálé ni àkọ́bí ìyàwó. Ta ló bi mí? Kò sẹ́ni tó bi mí. Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní ṣebí inú ilé kan náà ni gbogbo wa wà.

Inú ilé kan náà! Háà. "Ìyàwó" ni ìyáálé mi ń pè mí, bí gbogbo ìyáálé ṣe ń pe ìyàwó. Ọmọ ń gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ là, Ìyàwó lòun náà ń pè mí. Ọmọ tí mo bí níkùn ara mi. "Ìyàwó, ẹ bu omi fún mi." "Ìyàwó, ìyá mi ń pè yín." Gbogbo agboolé a bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọmọ yìí mà gbọ́n o. Èmi náà a bá wọn rẹ́rìn-ín, n óò wá lọ sẹ́yìn ilé lọ fi etí aṣọ nu ojú.

Mo fi ọgbọ́n pè é sí kọ̀rọ̀, mo kọ́ ọ pé Màámi ni kó máa pè mí. Ó lọ ròyìn, ọmọdé ni. Ìyáálé mi wá bá mi nídìí àdògán, kò pariwo, ó kàn ní, "Ìyàwó, má da ọmọ lórí rú. Ìwọ ṣì máa bí òmíràn."

N kò bí òmíràn o. Títí di òní, Rẹ́nikẹ́ nìkan ni Ọlọ́run fún mi.

Ó tó ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ nígbà tí òyìnbó kan dé sí agbègbè wa. Òyìnbó Oníkòkòrò là ń pè é. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kòkó ló bá wá bíi ti àwọn tó kù. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń jẹ ewé ló ń wá, pàápàá àwọn tó ń dá ewé ilá lu bí asẹ́. Àwọn obìnrin ló ń gbin ilá lọ́nà oko tiwa. Òyìnbó kò gbọ́ Yorùbá. Akọ̀wé Agíríkì, iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba, tó tẹ̀ lé e wá, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, bí àwọn ìyá àgbàlagbà bá ti ń sọ Ifẹ̀ wuuru, á máa wo ẹnu wọn ni. Wọ́n wá obìnrin tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó sì gbọ́ Ifẹ̀. Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn.

Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Òyìnbó á gbá àwọ̀n lórí ewé ilá, àwọn kòkòrò náà á máa ta sínú rẹ̀ bíi yọ̀rọ̀ ara ajá. Wọn kò tó ìdajì hóró ẹ̀wà. Á lẹ̀ wọ́n mọ́ orí páálí tín-ín-rín kan, á fi abẹ́rẹ́ gún páálí náà mọ́ inú àpótí, á wá fún mi ní awò tí ń sọ kékeré di ńlá kí n fi wò ó.

Inú awò yẹn ni mo ti rí i pé oríṣi méjì ni wọ́n. Ọ̀kan pupa rúsúrúsú látorí dé ìdí. Èkejì, àyà rẹ̀ pupa, ṣùgbọ́n ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó ń dán gbinrin. Mo ní àwọn méjèèjì yìí kì í ṣe ìbátan ara wọn. Òyìnbó mi orí. Ó ní ìdílé kan náà ni wọ́n, pé àwọ̀ a máa tan ènìyàn. Ó ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí n wò, itan tó ki tó fi ń ta yẹn, kí n tún wo àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó tò sórí ìyẹ́. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Ó wá sọ ohun kan. Ó ní ọ̀mọ̀wé kan tó ti kú tipẹ́ ló ka dúdú yìí mọ́ oríṣi kan nínú ìdílé mìíràn, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń tò ó bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní orúkọ tirẹ̀ rí. Òun ló fẹ́ dá a padà sáàárín àwọn ará ilé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Kòkòrò lásán-làsàn rí òyìnbó tó sọdá òkun wá gbèjà rẹ̀ kó lè padà sí ìdílé rẹ̀. Ọmọ tèmi ńkọ́? Ta ló ń gbèjà mi?

Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sọ wọ́n lórúkọ. Méjì méjì ni. Orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, orúkọ ti ara ẹni á tẹ̀ lé e. Ti ìdílé ti wà nílẹ̀, Látìn ni, ahọ́n mi kò gbé e. Ti ara ẹni ló kù. Ó ní òun fẹ́ kó jẹ́ orúkọ tí àwọn ará ibí ń pè é. Ó tún ní kí n ṣọ́ra, torí pé bí orúkọ bá ti wọ ìwé àwọn báyìí, ó parí. Bó jẹ́ ìyìn, bó jẹ́ èébú, kò sẹ́ni tó tún lè yí i padà.

Mo bi àwọn obìnrin oko. Wọ́n ní kòkòrò ilá ni àwọn ń pe gbogbo wọn, kí ló tún kù nínú orúkọ kòkòrò? Wọ́n padà sídìí ebè wọn. Ó wá ku èmi àti òyìnbó nídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó dúró, ó ń wo ẹnu mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ibà mú Rẹ́nikẹ́. Mo fẹ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lára, ó ń tapá, ó ń tasẹ̀, ó ń kígbe pé òun kò fẹ́ Ìyàwó, ìyá òun lòun fẹ́. Ìyáálé mi wọlé, ó gba aṣọ omi lọ́wọ́ mi. Kò tilẹ̀ wò mí. Ọmọ náà sì dákẹ́ wẹ́rẹ́.

"Adúmáadán," ni mo wí fún òyìnbó.

Ó ní kí n tún un wí. Mo tún un wí. Ó béèrè ìtumọ̀, mo ní ohun tó dúdú tó sì ń dán. Inú rẹ̀ dùn, ó ní orúkọ náà bá a mu wẹ́kú. Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ nídìí ọkọ̀ náà. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Òyìnbó lọ. Nígbà tí ilá tún hù lọ́dún kejì, ọkọ̀ Agíríkì dé pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí. Ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn ló wà nínú rẹ̀. Ó ń ké láti Ìlódè títí wọ ọjà: "Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ṣọ́ra fún Adúmáadán! Adúmáadán ló ń ba ilá jẹ́! Níbikíbi tí ẹ bá ti rí Adúmáadán, ẹ pa á!" Wọ́n kun àwòrán rẹ̀ sára pátákó ńlá, dúdú, ó ń dán, itan rẹ̀ rọ̀pọ̀tọ̀, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọjà.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo rẹ́rìn-ín tí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò ní fi í pamọ́ fún yín.

Ìyáálé mi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ti fi kọrin: "Adúmáadán jẹlá jẹlá, ẹ tẹ̀ ẹ́ pa!" Àwọn tí wọ́n jọ ń ta ilá, tí wọ́n ti ń jowú ọjà rẹ̀ tipẹ́, rí ohun mú sọ. Bí oníbàárà bá ń bọ̀, wọn á ní, "Ṣé ilá tí Adúmáadán ti fẹnu bà lẹ fẹ́ lọ rà?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, oníbàárà á rẹ́rìn-ín, ibi ẹ̀rín náà ni yóò ti yà sí àtẹ tiwọn. Wolé-wolé dé lọ́jọ́ kan, ó rí ihò lára ewé tó fi bo agbọ̀n rẹ̀, ó da gbogbo ilá inú rẹ̀ sí kòtò. Ó ní òfin ni.

Nígbà tí òjò fi dáwọ́ dúró, ìyáálé mi kò lọ sọ́jà mọ́. Orúnlá hu ewú nínú yàrá rẹ̀. Ó ń rù hangogo. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọdé lẹ́yìn fèrèsé, á dìde lọ ti fèrèsé náà.

Ẹnìkan ló sọ fún un pé ẹnu mi ni òyìnbó ti gbọ́ orúkọ náà. Ó gbé ẹjọ́ lọ bá baálé. Wọ́n pe gbogbo wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, Adúmáadán, ṣé èébú ni? Ṣé kì í ṣe èmi náà ni mo fi í yìn wọ́n nígbà tí mo dé? Òyìnbó ní kí n sọ ohun tí kòkòrò jọ, mo sọ ohun tó jọ. Ṣé kí n purọ́ fún un ni?" Àwọn àgbà wo ara wọn. Ọ̀kan bú sẹ́rìn-ín. Baálé ní ọ̀rọ̀ náà kò mú ẹjọ́ lọ́wọ́, ó ní kí ìyáálé ní sùúrù, pé orúkọ kò lè jẹ ẹran ara èèyàn.

Mo jàre. Gbogbo ilé ní mo jàre.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyáálé mi di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń padà sílé bàbá òun ní Ìpetumodù. Ọkọ mi ń bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ọkọ mi wá ní ó dára, ṣùgbọ́n kí ọmọ dúró ti ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀! Ẹ ò rí i pé ó pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo ti ká ẹní Rẹ́nikẹ́ wá sí yàrá mi. Mo ti se ẹ̀wà àdàlú tó fẹ́ràn.

Ìyáálé mi dúró níwájú mi pẹ̀lú igbá aṣọ rẹ̀ lórí. Mo rò pé ó máa gbé mi ṣépè, mo sì ti múra àtidá a padà. Kò ṣépè. Ó ní, "Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní Dúdú bí ìdí ìkòkò. Àgàn ni wọ́n ń pè mí nílé yìí kí o tó dé. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó fún mi lórúkọ tó dùn. Ìyàwó, o ò bá ti fi ohun mìíràn jà."

Ó jáde. Rẹ́nikẹ́ wò mí, ó wo ẹní náà, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó wá kúnlẹ̀ dáadáa bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó ní, "Ìyàwó, ó dàbọ̀." Ó sáré tẹ̀ lé e. Ọkọ mi kò lè dá a dúró, èmi náà kò lè ṣe é. Láti ọjọ́ náà, bí àlejò ló ṣe ń wá kí wa lọ́dún Kérésì.

Nísinsìnyí, ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí ọkọ̀. Òun gan-an ni mo fi pamọ́ fún baálé àti fún gbogbo ayé.

Lẹ́yìn tí òyìnbó kọ Adúmáadán sílẹ̀ tán, ó nawọ́ sí èyí tó pupa. Ó ní òun rò pé ìyẹn náà kò tíì ní orúkọ. Ó ní nítorí iṣẹ́ tí mo bá òun ṣe, òun fẹ́ fi orúkọ tèmi sọ ọ́, pé ẹ̀yẹ ńlá ni lọ́dọ̀ àwọn, orúkọ mi kò ní í pa rẹ́ láyé. Mo fò sẹ́yìn. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mo ní orúkọ èmi, lára kòkòrò tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ pa? Mo ní kó má dán an wò, torí ọmọ mi. Ó yà á lẹ́nu, ó tọrọ gáfárà, ó pa àpótí rẹ̀ dé.

Ẹ ti rí i báyìí. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ẹni tí kò mọ̀ kì í fò sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Mo ṣì lè ké sí òyìnbó pé kó pa èyí tó kọ́kọ́ kọ rẹ́. Ó ń fọwọ́ gbọn eruku àpótí rẹ̀. Àyè wà. N kò ké sí i.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo mọ òwe yẹn, ẹ má wulẹ̀ pa á fún mi. Ṣùgbọ́n èmi náà kó tèmi o. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n pè é ní àṣà. Bí mo bá gbé ẹjọ́ lọ bá baálé nígbà náà, kí ni yóò sọ? Yóò ní kí n ní sùúrù. Sùúrù kan náà tó fún ìyáálé mi. Nítorí náà n kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó dárí jì mí torí pé mo jà. Bí ayé bá tún yí padà, mo tún máa jà. Bóyá n óò kàn fi ẹnu mi jà lójúkojú, kí n sọ pé, "Ẹ fún mi lọ́mọ mi." N kò sọ ọ́ rí. Ẹ gbọ́, n kò sọ ọ́ rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìbéèrè mi nìyí. Rẹ́nikẹ́ ti ránṣẹ́ láti Ìpetumodù. Ó ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá òun ló máa jókòó sápá ọ̀tún bàbá òun, èmi á sì jókòó sápá òsì. Ó ní kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa pe ìyá òun ní Adúmáadán nílé yẹn mọ́. N kò sì lè dárúkọ rẹ̀ gan-an, ìyàwó ṣì ni mí títí n óò fi kú. Bí mo bá kàn kí i láìlórúkọ, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á mọ̀ pé mo ń sá, wọ́n á sì bi mí ní ìdí rẹ̀. Ọkọ mi ní kí ló le níbẹ̀, ó ní ṣebí Ìyá Rẹ́nikẹ́ ni kí n pè é, bí gbogbo Ìpetumodù ṣe ń pè é.

Ìyá Rẹ́nikẹ́. Èmi tí mo bí Rẹ́nikẹ́, kí n kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ mi, kí n pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ níṣojú ọmọ náà àti níṣojú àwọn àna.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ bá mi wá orúkọ mìíràn. Ẹ tètè, torí wọ́n ti ń ká kòkó. Mo ti ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo ti kúnlẹ̀ níwájú àga òfìfo kí n fi kọ́ ẹnu mi. "Ẹ káàbọ̀" jáde. "Ìyá" jáde. Ibẹ̀ ni ohùn mi ń dúró sí.